Wáyà Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Fi Ránṣẹ́ Láti Peckham

Eku ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Ó wọ ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù tí mo to ẹ̀rọ orin mi sí nínú pálọ̀, ó fi wáyà iná sílẹ̀, ó fi wáyà sípíkà sílẹ̀, wáyà kan ṣoṣo tí kò sí bàbà nínú rẹ̀ ló wá lọ jẹ. Wáyà yìí ló ń gbé orin láti inú ẹ̀rọ síídì lọ sínú àpótí kékeré tí ń tú nọ́ńbà padà sí ohùn, kí ohùn náà tó dé ọ̀dọ̀ ampilifáyà. Rọ́bà tó mọ́ gaara ló wà nínú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ pupa ló sì ń gba inú rọ́bà náà kọjá. Bí ẹ bá yọ ẹnu rẹ̀ kan lálẹ́, tí ẹ kọ ọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ yín, ẹ ó rí ẹyinná kékeré kan níbẹ̀ tí kì í jóni. Toshiba ló kọ́kọ́ gbé irú wáyà yìí jáde ní Japan, lọ́dún 1983. Eku Papalanto tiwa níbí kò bèèrè ẹni tó ṣe é.

Bí orin ṣe bàjẹ́ lọ́jọ́ náà ni mi ò tíì gbàgbé. Yusuf Olátúnjí ni mo fi sí i, sákárà ń lọ, gòjé ń ké lábẹ́ rẹ̀, àfi kẹ̀, kẹ̀, kẹ̀, orin já. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó tún padà wá, ohùn Yusuf sì pé pérépéré, kò ṣú, kò ha, kò dín. Ìṣẹ́jú kan kò pé, ó tún já. Mo ti gbọ́ wáyà tó bàjẹ́ rí o. Rédíógíráàmù bàbá mi, tó fi owó iṣẹ́ rélùwéè rà, kì í já bẹ́ẹ̀. Bí wáyà rẹ̀ bá ti ń gbó, ìlù ni yóò kọ́kọ́ pàdánù ikùn, ohùn akọrin á máa tín-ín-rín sí i, ariwo ùùù á yọ́ wọlé, ṣùgbọ́n akọrin kò ní dákẹ́. Á kàn máa jìnnà sí wa ni, bí ẹni tó ń kọrin lọ sọ́nà oko. Èyí tí eku jẹ yìí kò mọ ìjìnnà. Bí kò bá sí nílé, kò sí nílé náà nìyẹn.

Nǹkan kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ nípa rédíógíráàmù yẹn kí n tó kọjá. Àwo Yusuf kan wà tí ọ̀kan nínú àwa ọmọ fi ṣíbí ha lójú. Ẹ̀gbọ́n mi ní èmi ni; èmi náà mọ ẹni tó jẹ́. Bí abẹ́rẹ́ bá ti dé ojú àpá náà, á fò padà sẹ́yìn, Yusuf á tún gbólóhùn kan náà sọ kó tó ráyè kọjá. Bàbá mi kò ra òmíràn. Bí a ṣe mọ orin náà nílé wa nìyẹn, tòun ti àtúnsọ rẹ̀.

Mo gbé ọ̀ràn wáyà lọ bá oníṣẹ́ rédíò tó wà nítòsí oríta Ìlaròó, ọkùnrin tí eruku tírélà ti sọ gbogbo ohun tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ di aláwọ̀ kan náà. Ó yí àpótí mi wò lẹ́yìn, ó rí i pé ó ní ihò kejì tó ń gba wáyà bàbà. Ó gé mítà kan nínú wáyà díìṣì, irú èyí tí wọ́n ń fà láti orí òrùlé wọnú dikódà, ó fi léèdì jó ẹnu sí i lápá méjèèjì, ó gba 1,500 náírà. Mo bi í bóyá wáyà díìṣì bójú mu fún orin. Ó wò mí.

“Ọ̀gá, wáyà 75 òmù ni ihò yín yìí ń fẹ́. Wáyà díìṣì, 75 òmù náà ni. Kí lẹ tún fẹ́ kó jẹ́?”

Mo délé, mo tì í bọhò, orin dé.

Ọ̀rọ̀ ì bá ti parí síbẹ̀. Àṣìṣe mi ni pé mo sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù.

Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí ẹ̀gbọ́n mi ti wà ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí èèyàn ti lè fi Yorùbá ra gàrí láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Òun ló fẹ́ràn orin jù nínú gbogbo ọmọ bàbá wa, òun ló sì máa ń jókòó ti Bàámi bí wọ́n bá ti gbé àwo sí i.

“Wáyà kí ni?” ló ké. “Díìṣì? Orin Bàámi lo fi wáyà díìṣì gbé?”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa o.”

“Mólúè náà ń ṣiṣẹ́. Fi mí sílẹ̀ jàre. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á.”

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ẹnì kan tó ń bọ̀ nílé bá a gbé àpótí dúdú kan dé. Àrán ni wọ́n tẹ́ sínú rẹ̀. Wáyà tó wà lórí àrán náà ki tó ìka ọmọdé, wọ́n hun aṣọ bò ó lára, wọ́n fi wúrà kun ẹnu rẹ̀. Rìsíìtì wà lábẹ́ rẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀gbọ́n mi gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ ni o, àbí kò gbàgbé. 120 pọ́n-ùn. Ẹ̀rọ síídì mi, tòkunbọ̀ tí mo rà ní Alábà, kò tó ìdajì iye yẹn. Ìyá Ìbejì yọjú láti ilé ìdáná, ó wò ó títí, ó ní, “Bàbá Ìbejì, ṣé ejò yìí á máa dá kọrin fúnra rẹ̀ ni?”

Lálẹ́ ọjọ́ náà mo pa fáànù, mo ní kí gbogbo ilé dákẹ́. Kí n má purọ́, mo gbọ́ ọ. Àyìnlá Ọmọ́wúrà ni mo fi sí i. Mo gbọ́ ibi tí ó ti ń mí sínú kó tó gbé ohùn. Mo gbọ́ ọwọ́ onílù lójú awọ, kì í ṣe dídún ìlù nìkan. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ dúró sí ibì kan pàtó, bí ẹni pé mo lè na ọwọ́ gbà á. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi, mo ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n dá lóhùn àdúrà. “Ṣé mo sọ fún ọ?” ló ń wí lọ́hùn-ún. Mo dúpẹ́ títí kírẹ́díìtì fi tán.

Ìgbà tí mo wá dùbúlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wáyà yìí kò jẹ́ kí n sùn. Kí ló gbé tí wáyà díìṣì kò rí gbé?

Babaláwo ni bàbá tó bí bàbá mi. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì lèmi, ṣùgbọ́n mo rántí ọpọ́n rẹ̀ dáadáa, mo sì rántí pé bí ó bá fi ikin dífá, ohun méjì péré ló lè fi ìka tẹ̀ sínú ìyẹ̀rosùn: ìlà kan, tàbí ìlà méjì. Ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ ló máa tẹ̀ ẹ́ kí odù kan tó délẹ̀, ìdí nìyẹn tí odù fi jẹ́ 256, kò lé, kò dín. Ohun tó wà nínú síídì kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí èyí. Ní ìṣẹ́jú àáyá kan, wọ́n ti wọn gíga ohùn nígbà 44,100 fún apá òsì, wọ́n ti wọ̀n ọ́n nígbà 44,100 fún apá ọ̀tún, ìlà mẹ́rìndínlógún ni wọ́n sì fi kọ ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan, kan tàbí méjì, kan tàbí méjì. Ìlà mẹ́rìndínlógún: odù méjì tí a tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ni. 256 lọ́nà 256, ó di 65,536, iye gíga tí ohùn lè ní lórí síídì nìyẹn. Bí ẹ bá ro gbogbo ìlà tó ń kọjá nínú ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo pọ̀, ó jẹ́ 1,411,200. Àwọn babaláwo á ní mo ti sọ Ifá di ẹ̀rọ. Ẹ má bínú.

Ohun tí mo ń wò lójú ọpọ́n bàbá àgbà nìyí: ọwọ́ wọn ti ń gbọ̀n kí wọ́n tó kú. Ìlà wọn a máa wọ́, a máa tóbi lókè, a máa tín-ín-rín nísàlẹ̀. Ogbè kò torí ẹ̀ di Ọ̀yẹ̀kú. Níwọ̀n ìgbà tí ojú bá ti lè mọ̀ pé kan lèyí, méjì lèyí, odù náà pé, kò sì sí bí a ṣe lè fín ọpọ́n tó tí Ogbè orí rẹ̀ yóò fi ju Ogbè orí ọpọ́n gbẹrẹfu lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni àpótí kékeré mi ṣe ń ka ohun tí wáyà gbé dé. Kò béèrè bóyá ìlà náà dán. Ó kàn ń béèrè pé: kan ni àbí méjì? Bí wáyà díìṣì bá gbé e dé tó ṣeé kà, tí wáyà àrán gbé e dé tó ṣeé kà, orin kan náà gan-an ni wọ́n gbé dé, kì í ṣe orin tó jọra. Ìgbà tí atẹ́gùn bá fọ́n ìyẹ̀rosùn ká débi tí a kò mọ kan mọ́ méjì mọ́ ni odù tó sọnù, ó sì máa ń sọnù pátápátá ni. Ohun tí eku fi hàn mí nìyẹn.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ pé wáyà díjítà tuntun òun mú kí ìlù ní ikùn sí i, kó sì jẹ́ kí ohùn obìnrin rọ̀, ọ̀rọ̀ rédíógíráàmù ló ń sọ. Wáyà tí ń gbé nọ́ńbà kò mọ èwo ni ìlù nínú àwọn ìlà wọ̀nyẹn, èwo ni obìnrin.

Ẹni tó mọ iṣẹ́ ẹ̀rọ lè dá mi dúró níbí o, á sì jàre díẹ̀. Ọ̀nà tí Sony àti Philips là sílẹ̀ fún gbígbé nọ́ńbà orin láti ara ẹ̀rọ kan sí òmíràn ní àléébù méjì. Àkọ́kọ́, bí ìlà kan bá sọnù lọ́nà, ẹni tó ń gbà á kò lè ní kí wọ́n tún un sọ, bí fóònù ṣe máa ń ṣe bí a bá ń wa fídíò jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Orin kì í dúró deni. Ìkejì ló jinlẹ̀. Wáyà kan ṣoṣo yẹn ló ń gbé ìlà, òun náà ló ń gbé àkókò. Ara ìlà tó ń dé ni àpótí ti gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tó yẹ kó sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan di ohùn, bí onígángan ṣe ń fetí sí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kó má bàa sáré ju orin lọ. Bí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ bá ń kọsẹ̀, onígángan lè mọ gbogbo ohun tó fẹ́ lù, kó lù ú pé, kí ó má sì bọ́ sójú ẹ̀ rẹ́gí. Wáyà tí kì í ṣe 75 òmù, tàbí tó gùn jù, lè mú kí àmì máa ta padà nínú rẹ̀, kí àkókò máa gbọ̀n. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí àwọn ẹ̀rọ tó dára díẹ̀ bá gbọ̀n, ìdá bílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá la fi ń wọ̀n ọ́n, àpótí náà fúnra rẹ̀ sì ní ohun tó ń tẹ́ ìgbọ̀n yẹn pẹrẹsẹ kó tó sọ nọ́ńbà di ohùn. Lórí mítà kan wáyà, nínú pálọ̀ tí fíríìjì ti ń kùn, tí tírélà sì ń kọjá níta, ta ni yóò gbọ́ ọ?

Ìbéèrè yẹn ni mo fi lọ bá àwọn ọmọ mi.

Ọmọ ọdún méjìlá ni Táyé àti Kẹ́hìndé, wọ́n sì fẹ́ràn kí wọ́n máa dán bàbá wọn wò. Mo fi aṣọ títa bo kọ́bọ́ọ̀dù, mo jókòó sórí àga mi, mo kọjú sí sípíkà. Táyé wà lẹ́yìn aṣọ pẹ̀lú wáyà méjèèjì, Kẹ́hìndé mú ìwé àti bírò. Ọmọ ayò kan ló ń pinnu: Kẹ́hìndé á fi ọwọ́ sẹ́yìn, á pa á mọ́ sínú ọwọ́ kan, Táyé á mú ọwọ́, bí ọmọ ayò bá wà níbẹ̀, wáyà Lọ́ńdọ̀nù, bí kò bá sí, wáyà díìṣì. Dandan sì ni kí Táyé yọ wáyà kúrò nígbà gbogbo, kódà bó jẹ́ èyí tó wà níbẹ̀ náà ló máa dá padà, kí n má bàa fi ariwo yíyọ mọ̀ ọ́n. Ìgbà ogún la ṣe é. Alẹ́ mẹ́ta ló gbà wá, nítorí iná.

Mẹ́sàn-án ni mo gbà nínú ogún.

Ẹni tó sùn lọ fọnfọn, tí wọ́n ń fi ọmọ ayò bá dáhùn, ì bá gba mẹ́wàá. Ìgbà tó dùn mí jù ni ìkẹtàlá. Mo fi ọwọ́ sọ àyà, mo ní wáyà Lọ́ńdọ̀nù nìyí, mo tiẹ̀ ń ṣàlàyé fún wọn bí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ṣe yọ jáde, àfi bí Táyé ṣe ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn aṣọ títa tí kò lè mú un mọ́ra. Ìyá Ìbejì náà jókòó fún ìgbà mẹ́ta. Ó ní ọ̀kan náà ni, ẹ jẹ́ kí òun lọ wo ọbẹ̀ òun.

Ó wá ku mímí Àyìnlá. Mo ti gbọ́ ọ, mi ò lálàá. Mo ti wáyà díìṣì bọhò padà, mo pa fáànù, mo ní kí ilé dákẹ́, mo gbọ́ ọ. Níbẹ̀ ló wà. Níbẹ̀ ló ti wà láti ọjọ́ tí mo ti ra síídì náà. Mi ò tíì pa fáànù torí orin rí ni, mi ò tíì ní kẹ́nikẹ́ni dákẹ́ nínú ilé yìí rí torí Àyìnlá. Orin ń lọ, mo ń jẹun, mo ń dá ìpè lóhùn, mo ń bá àwọn ọmọ jà lórí iṣẹ́ ilé. Nígbà tí 120 pọ́n-ùn wọlé, mo jókòó. Ohun tí owó ẹ̀gbọ́n mi rà gan-an nìyẹn, wákàtí kan tí mo fi gbọ́ orin tí mi ò ṣe nǹkan mìíràn. Mi ò mọ̀ bóyá ó wọ́n.

Oníṣẹ́ rédíò ni mo ròyìn gbogbo èyí fún. Kò yà á lẹ́nu. Ó ní kí n jẹ́ kí òun wá wo ilé mi lọ́jọ́ Sunday, ó sì wá lóòótọ́, tòun ti bíléèdì rẹ̀ àti mítà tó fi ń wọn iná. Kò wo wáyà Lọ́ńdọ̀nù lẹ́ẹ̀mejì. Wáyà sípíkà ló tẹ̀ lé. Sípíkà òsì wà nítòsí ẹ̀rọ, ti ọ̀tún ni mo fà yí etí ògiri ká kó má bàa gbé ọmọdé lẹ́sẹ̀, ó tó mítà méjìlá, wáyà pupa-òun-dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ tí gbogbo wa mọ̀. Ó fi bíléèdì ha ẹnu rẹ̀. Bàbà pọ́n lókè, ó funfun lábẹ́.

“Alumíníọ̀mù ni wọ́n fi bàbà kùn yìí, ọ̀gá. Wọ́n pọ́n ọn lójú fún yín.”

Ó wá ṣe ìṣirò rẹ̀ sórí páálí. Ká tiẹ̀ ní bàbà gidi ni, wáyà tí ìwọ̀n ojú rẹ̀ jẹ́ ìdajì mílímítà onígun mẹ́rin, mítà méjìlá lílọ, mítà méjìlá bíbọ̀, yóò tó 0.8 òmù. Sípíkà fúnra rẹ̀ kò ju 8 òmù lọ. A jẹ́ pé bí ìdá mẹ́wàá ohun tó yẹ kí sípíkà jẹ ni wáyà ti jẹ lọ́nà, alumíníọ̀mù sì tún ń dènà iná ju bàbà lọ dáadáa. Ó bọ́ ọ kúrò, ó fi wáyà ilé rọ́pò rẹ̀, 2.5 tí àwọn oníná fi ń fa sọ́kẹ́ẹ̀tì, bàbà gidi. Èyí sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí bíi 0.17. Àròpọ̀ owó rẹ̀ kò tó ìdá mẹ́wàá ti inú àrán. Mo gbé Yusuf sí i. Ọdún méjì ni ọkùnrin yẹn ti ń fì sápá òsì nínú pálọ̀ mi, tí mo rò pé bí wọ́n ṣe gbà á sílẹ̀ nìyẹn. Ó dìde, ó lọ dúró sí àárín. Àwọn ọmọ gbọ́ ọ. Ìyá Ìbejì gbọ́ ọ láti ilé ìdáná, kò sí ẹni tó bi í.

Ariwo kan náà wà tí mo ti ń gbọ́ láti ọjọ́ tí wáyà díìṣì ti wọlé, ùùù kékeré kan lábẹ́ orin, ó sì wà níbẹ̀ bákan náà pẹ̀lú wáyà Lọ́ńdọ̀nù. Iná ọba ni, tí ń gbọ̀n nígbà àádọ́ta ní ìṣẹ́jú àáyá. Ó ń gba ara dikódà àti irin díìṣì orí òrùlé wọlé, ó ń yí po láàárín ẹ̀rọ kan sí èkejì, nítorí sọ́kẹ́ẹ̀tì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo kì wọ́n sí. Wáyà tí eku jẹ kò lè gbé irú ẹ̀ wọlé láéláé, ìmọ́lẹ̀ kì í gbé iná ilẹ̀ rìn. Wò ó bí ọ̀rọ̀ ṣe rí: ìyàtọ̀ kan wà láàárín wáyà mẹ́ta tí mo ti lò, èyí tó sì dára jù nínú wọn lójú ìyẹn ni eku fi ṣe oúnjẹ alẹ́. Oníṣẹ́ rédíò kó gbogbo ẹ̀rọ sójú sọ́kẹ́ẹ̀tì kan, ó gé dikódà kúrò lára wọn, ùùù lọ.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, ó ní kí n gbé sípíkà kúrò ní kọ̀rọ̀ ògiri, kí n sì wá nǹkan tẹ́ sórí tẹ́ràsò tó ń gbá ohùn padà. Iná fúnra rẹ̀ kò sí ohun tó lè ṣe sí i. Ilé iṣẹ́ iná Ọlọ́runṣògo tó wà lágbègbè wa níbí, apá rẹ̀ àkọ́kọ́ nìkan ni wọ́n kọ́ fún mẹ́gáwáàtì 335, kí a tó ka apá kejì. Iná yẹn ń gba orí wa kọjá lórí òpó gíga, a máa ń rí i tó ń lọ.

Mo ti ń rò ó pé kí ló dé tí ọkùnrin tó gbọ́n bí ẹ̀gbọ́n mi fi lè gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gbọ́, títí mo fi rántí àsọ̀rọ̀mágbèsì. Ọdún 1935 ni wọ́n gbé e dé Èkó, kó tó tàn dé àwọn ìlú mìíràn: àpótí kékeré lára ògiri, tí kò ní ju ohun tí a fi ń gbé ohùn sókè tàbí sísàlẹ̀ lọ, wáyà sì so gbogbo wọn mọ́ ibùdó kan ṣoṣo. Ìtàn rẹ̀ ni bàbá wa fi ń pa wá lẹ́rìn-ín. Kò sí nọ́ńbà nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Ohùn fúnra rẹ̀ ló ń rìn nínú wáyà, ohun tó bá sì ṣe wáyà ló ṣe ohùn. Ilé tó bá jìnnà, ohùn á ti rẹ̀ kó tó dé. Òjò á rọ̀, ìsopọ̀ wáyà á ti rin, ìròyìn á máa fọ́. Láyé yẹn àti láyé rédíógíráàmù tó tẹ̀ lé e, ẹni tó bá na owó sórí wáyà kò jẹ̀bi. Abẹ́ wáyà tó ṣe pàtàkì ni wọ́n ti tọ́ ẹ̀gbọ́n mi dàgbà. Ayé yí padà lẹ́yìn rẹ̀ nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, ojú wáyà kò sì yí padà tí ì bá fi mọ̀. Ó ṣì jẹ́ okùn tó so nǹkan méjì pọ̀. Ó ṣeé wọ̀n, ó ṣeé dì sínú àrán, ó ṣeé fi rán ẹni tó ń bọ̀ nílé. Èèyàn kò lè fi pálọ̀ tó dákẹ́ ránṣẹ́ láti Peckham.

Nǹkan mìíràn tún wà tí mi ò ní lè sọ fún un lórí fóònù. Ọdún 1978 ni Yusuf Olátúnjí kú. Wọ́n pa Àyìnlá ní Abẹ́òkúta ní oṣù Karùn-ún 1980. Ìparí ọdún 1982 ni síídì àkọ́kọ́ tó wọ ọjà, ní Japan. Àwọn méjèèjì kò fojú kan síídì rí. Gbogbo ohùn wọn tó wà lórí síídì mi ti kọ́kọ́ gba inú téèpù tàbí lẹ́yìn àwo kọjá, mo sì gbọ́ pòpò-pòpò abẹ́rẹ́ lábẹ́ orin méjì ó kéré tán: ẹnì kan jókòó ti àwo ara ẹ̀ níbì kan, ó dà á sí nọ́ńbà pẹ̀lú gbogbo eruku rẹ̀. Eruku yẹn ni àwọn wáyà mi ń gbé délé mi láìdín ẹyọ kan, olówó pọ́ọ́kú àti olówó gọbọi.

Ẹ̀gbọ́n mi wálé ní oṣù Kejìlá. Ó ní rélùwéè tuntun lòun fẹ́ wọ̀ láti Èkó, nítorí iṣẹ́ Bàámi, ó sì sọ̀ ní ibùdó Papalanto tí wọ́n fi orúkọ Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì pè. Ó ya fọ́tò lábẹ́ orúkọ náà kó tó kí mi. Wáyà rẹ̀ wà lára ẹ̀rọ nígbà tó wọlé. Mi ò kì í sí i torí pé ó ń bọ̀. Láti ìgbà ìdánwò ni mo ti fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹnu rẹ̀ di ihò mú ṣinṣin ju ti díìṣì lọ, ìyẹn ni mo sọ fún ara mi.

Mo sọ ti mẹ́sàn-án nínú ogún fún un nígbà tí a jẹun tán. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

“Etí rẹ ni. Èmi ì bá gba méjìdínlógún.”

Táyé ti dìde láti lọ mú aṣọ títa wá. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí ó jókòó jàre, òun ti wọ ọkọ̀ òfuurufú, òun ti wọ rélùwéè, kí wọ́n jẹ́ kí òun gbọ́ orin. Mo gbé síídì Yusuf sí i, èyí tí orin àwo tó ní àpá wà lórí rẹ̀. Mo pa fáànù. Ó fẹ̀yìn ti àga, ó di ojú, ó ń fi ìka lu itan. Ohùn dúró sí àárín pálọ̀ bí ó ṣe yẹ, mo sì rí i lójú rẹ̀ pé ó ń ka èyí mọ́ wáyà rẹ̀ lọ́wọ́. Mo jẹ́ kó kà á.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí orin dé ibẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí bá Yusuf kọ ọ́ lábẹ́nú. Èmi náà bẹ̀rẹ̀. A kọ gbólóhùn náà, a sì fò padà, a tún un kọ lẹ́ẹ̀kejì, àwa méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Yusuf kò dúró dè wá. Ó ti wọ ẹsẹ tó kàn. Kẹ́hìndé wo bàbá rẹ̀, ó wo ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ó ní, “Dádì, ẹ ti ṣì í kọ.”